Okùn Inú Ẹ̀jẹ̀

Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ kó tán nílẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́fà la ṣe ìdánwò lé lórí ní ọdún kejì tí mo fi ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Mo yege nínú márùn-ún, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ nìkan ló gbé mi ṣánlẹ̀. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kò fepo bọyọ̀: kí Mojọlá Oyèlékè padà wá ṣe ìdánwò àtúnṣe ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní, ọdún 1982. Bó bá tún kùnà, kó kó ẹrù rẹ̀ máa lọ sílé.

Bàbá mi, Isaac Oyèlékè, hẹdimásítà ni wọ́n ní Ṣakí. Wọn ò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Wọ́n ka ìwé tí mo mú wálé, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, "Mojọlá, gbogbo ìlú ló ti ń pè mí ní Bàbá Dókítà." Ọdún Kérésìmesì sì nìyẹn, àlejò ń rọ́ wọlé, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ní ẹ̀yìn ríro tí dókítà wa gbọ́dọ̀ bá a wò. Mo gbà á mọ́ra fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, orí mi gbóná, mo kó ìwé mi sínú àpò, mo wọ mọ́tò tó ń lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ọ̀dọ̀ Màmá, ìyá bàbá mi. Mo ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún sílẹ̀.

Ohun tó gbé mi ṣubú kò ju ojú ìwé mẹ́ta lọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn èròjà kan wà tí wọ́n máa ń sùn. Bí nǹkan bá gé ènìyàn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dì, tí kò ní dà mọ́. Nọ́ḿbà ni àwọn dókítà fi ń pè wọ́n, láti ìkíní dé ìkẹtàlá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe ń rí wọn ni wọ́n ń fún wọn ní nọ́ḿbà, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń jí. Ìkejìlá ló ń jí ìkọkànlá, ìkọkànlá ló ń jí ìkẹsàn-án, ìkẹsàn-án ló ń jí ìkẹwàá, ìkẹwàá á wá fò lọ jí ìkejì. Ìkẹfà ò tiẹ̀ sí rárá. Ta ni orí rẹ̀ ò ní dàrú? Ọ̀nà tí mo sì ń gbà kàwé nígbà náà ni kí n gbé e mì bí ẹni gbé oògùn ibà mì: kí n má jẹ ẹ́, kí n má tọ́ ọ wò, kó ṣáà ti wọlé.

Bí mo ṣe dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ń rìn yíká ẹ̀yìnkùlé, ọyẹ́ ń gbẹ mí létè, mo ń ké e bí ẹni ń ké sáàmù: "Ìkejìlá jí ìkọkànlá! Ìkọkànlá jí ìkẹsàn-án!" Màmá jókòó sí abẹ́ igi, wọ́n ń lọ́ okùn tí wọn yóò fi di ọkà bàbà wọn, torí ọkà ti gbó lóko. Wọ́n wò mí títí.

"Àyìnkẹ́," wọ́n ní. Oríkì mi ni wọ́n ń pè mí. "Ọmọ ta lò ń kà?"

"Kì í ṣe ọmọ, Màmá. Nǹkan inú ẹ̀jẹ̀ ni."

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ o. Iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Àwọn ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì."

Màmá dá ọwọ́ dúró. "Kí ló fi ń dì?"

"Hà, Màmá. Ó kàn ń dì ni."

"Irọ́ ni. Kò sí ohun tó kàn ń dì. Bí mo bá di igi, okùn ni mo fi ń dì í. Bí mo bá di ọkà, okùn ni. Kí lẹ̀jẹ̀ fi ń dì?"

Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí Màmá ti ṣìnà. Dídì ẹ̀kọ ọ̀tọ̀, dídì ẹrù ọ̀tọ̀. Ẹ̀kọ tó bá ti tutù nínú ewé á dì, kò ní béèrè okùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọmọ yunifásítì, mo ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ ń dì bí ẹ̀kọ ni, kì í ṣe bí ẹrù."

"Bí ẹ̀kọ? Ó dáa. Gbogbo ìkòkò ẹ̀kọ ló ń dì pa pọ̀. Kí ló wá dé tó jẹ́ ojú ibi tí ọ̀bẹ gé nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dì? Kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ ò dì sí wa lára, ká kú?"

Èmi tí mo ti lo ọdún méjì ní yunifásítì! Inú bí mi débi pé mo fi ìbínú wọlé lọ ṣí ìwé, láti wá ohun tí màá fi pa Màmá lẹ́nu mọ́. Mo ka ojú ìwé àkọ́kọ́. Mo ka èkejì. Nígbà tí mo dé ẹ̀kẹta, mo rí àwòrán kan tí mo ti ń ṣí kọjá láti ọdún tó kọjá. Ojú ọgbẹ́ ni wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá yà. Fọ́nrán ló wà níbẹ̀, fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ́ mọ́ra wọn, àwọn ẹ̀jẹ̀ pupa sì há sáàárín wọn bí ẹja inú àwọ̀n. Gbogbo jíjí tí wọ́n ń jí ara wọn yẹn, nítorí rẹ̀ ni: kí ìkejì lè lọ bá ìkíní, kí ìkíní tó ti fọ́n káàkiri inú ẹ̀jẹ̀ lè so pọ̀ di okùn. Kí ìkẹtàlá wá fún un le.

Mo sáré jáde, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé adìẹ kan lulẹ̀. "Màmá! Okùn ni! Okùn ló fi ń dì lóòótọ́!"

"Mo kúkú ti wí," Màmá ní, wọ́n ń lọ́ okùn tiwọn lọ.

Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó yíká igi. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí nǹkan yé mi kọjá kí n kàn mọ̀ ọ́n sórí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ohunkóhun tí n ò bá lè là yé Màmá ní Yorùbá, n ò tíì mọ̀ ọ́n. Ní àràárọ̀, mo ń ka ojú ìwé mẹ́wàá. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń sọ ọ́ fún Màmá. Ẹ̀jẹ̀ pupa di alárù tó ń ru atẹ́gùn kiri. Ẹ̀jẹ̀ funfun di ọlọ́dẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé, Màmá béèrè ìbéèrè mẹ́rin lórí rẹ̀, mo rí èsì mẹ́ta, mo padà lọ wá ẹ̀kẹrin nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà jíjí yẹn ò yéé dà mí láàmú. Bí mo bá mọ̀ ọ́n lónìí, á ti dàrú lọ́la. Mo sọ fún Màmá.

"O ń kà á jù ni," Màmá ní. "Má kà á mọ́. Rìn ín. Báwo la ṣe ń jí ara wa fún àáró?"

Àáró ni kí àwọn aládùúgbò kó ara wọn jọ ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, kí wọ́n ṣe ti ẹlòmíràn lọ́la. Ní àdúgbò Màmá, bàbá Ràsáàkì tí ilé wọn wà létí igbó ló máa ń kọ́kọ́ jí. Wọn á kan ilẹ̀kùn ẹni tó tẹ̀ lé wọn, onítọ̀hún á kan ti ẹnìkejì, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni oko. Ọjọ́ mẹ́ta sí i, oko Màmá ló kàn. Màmá tí okùn wà lọ́wọ́ wọn ni wọn yóò jí gbẹ̀yìn.

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bọ́ lẹ́nu Màmá, mo sáré lọ mú ṣọ́ọ̀kì nínú àpò mi. Ẹ má bi mí ohun tí ṣọ́ọ̀kì ń wá níbẹ̀, ọmọ hẹdimásítà ni mí. Mo lọ kọ 12 gàdàgbà sára ilé bàbá Ràsáàkì. Mo kọ 11 sí èyí tó tẹ̀ lé e, mo kọ 9, mo kọ 8 sí ilé Fadékẹ́ tó kọjú sí i, mo kọ 10, mo kọ 5 tó ń ran 10 lọ́wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo kọ 2 sí ilé Jímọ̀. Mo kọ 1 sí ilé Màmá. Ilé kan tó ti wó láàárín àdúgbò, tí ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀, mo kọ 6 sára ògiri rẹ̀ tó kù, nítorí ìkẹfà ò sí. Ràsáàkì tó lágbára jù láàárín wọn, mo fún un ní 13, mo kọ ọ́ sára kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Kí n tó fọ ọwọ́ mi tán, ariwo ti sọ.

"Ta ló kọ nǹkan sára ilé mi?" Bàbá Ràsáàkì ni, igi lọ́wọ́. "Ṣé owó orí ti tún dé ni?"

"Wọ́n fẹ́ wó ilé wa ni!" Fadékẹ́ ń ké. "Ìjọba ti kọ nọ́ḿbà sí i!"

"Wọ́n ń ka ọmọ wa ni o," ẹlòmíràn ní, gbogbo wọn bá dà sí iwájú ilé Màmá. Mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màmá dìde, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ má bínú. Àyìnkẹ́ ni. Iṣẹ́ ilé ìwé ni. Bí kò bá yege, wọ́n á lé e. Gbogbo yín ti di ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi ṣe ìdánwò tán."

Mo yọjú láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bàbá Ràsáàkì wo ṣọ́ọ̀kì ara ilé wọn lọ́hùn-ún, wọ́n wò mí. "Èmi ni ẹ̀jẹ̀ ìkejìlá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ jí."

Igi ọwọ́ wọn wálẹ̀. "Òótọ́ lọmọ yìí wí," wọ́n ní. "Àwọn yòókù kàn ń sùn ni." Ẹ̀rín sọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti ń fi nọ́ḿbà kí ara wọn: "Ẹ kúulé o, Ìkẹwàá!" "Ìkarùn-ún, ọbẹ̀ yín ń ta sánsán!" Fadékẹ́ nìkan ló ń bínú, torí mo ní ìkẹjọ kì í jí ẹnikẹ́ni fúnra rẹ̀, àtùpà ló ń gbé dání fún ìkẹsàn-án kí ó lè ríran dé ọ̀dọ̀ ìkẹwàá.

Ọjọ́ àáró pé. Ní ìdájí, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà Màmá, aṣọ òtútù lọ́rùn mi, mo ń gbọ́ ọ láti òkèèrè. Kó, kó, kó. Ìkejìlá jí ìkọkànlá. Kó, kó, kó. Ìkọkànlá jí ìkẹsàn-án. Ó ń bọ̀! Ohun tó wà nínú ìwé ń rìn bọ̀ wá bá mi lójú pópó Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí! Lẹ́yìn náà, mo retí, n ò gbọ́ nǹkan mọ́. Fadékẹ́ kò jí. Kò sí àtùpà. Ìkẹsàn-án dúró sójú òkùnkùn, kò rí ọ̀nà lọ. Ìkẹwàá ń sùn, Jímọ̀ ń sùn, okùn wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Mo ta gìrì. Àìsàn kan wà tí mo ti kà nígbà ogún tí kò yé mi, àìsàn àwọn tí wọ́n bí láìní ìkẹjọ, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dá. Òun ló dúró síwájú mi yìí.

"Fadékẹ́!" mo figbe ta. "Ìkẹjọ! O ti fẹ́ẹ́ pa ènìyàn!"

Àtùpà tàn. Kó, kó, kó. Ìkẹwàá, ìkarùn-ún tẹ̀ lé e, wọ́n jí Jímọ̀, Jímọ̀ sì dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní, "Màmá, okùn dà?" Mo gbá Jímọ̀ mọ́ra. Kò mọ ohun tó ṣe mí.

Lóko, àwọn obìnrin kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ gbá ọkà mọ́ra kó má bàa dà nù, kí okùn tó dé bá wọn. Èyí náà wà nínú ìwé mi: àwọn ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ló ń kọ́kọ́ dí ojú ọgbẹ́ kí okùn tó dé. Ràsáàkì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìdì kọ̀ọ̀kan, ó ń fún okùn le. Èmi náà di ọkà títí ọwọ́ mi fi bó. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀bẹ yọ̀ gé Màmá ní àtàǹpàkò. Mo sáré dì wọ́n lọ́wọ́ mú, mo ń wo ọgbẹ́, mo ń wo aago ọwọ́ mi.

"Kí lò ń wò?" Màmá ní. "Ẹ̀jẹ̀ mi lo sọ di sinimá?"

"Mo ń wò ó bó ṣe ń dì ni, Màmá."

Màmá náà tẹjú mọ́ ọn. "Ìkẹjọ ti jí?"

"Ó ti jí, Màmá."

Nígbà tó pé ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ dá. Ó dì. A kígbe ayọ̀, gbogbo oko gbé e.

Ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní pé. Ìdánwò àfẹnusọ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlágòkè ló jókòó sáàárín àwọn olùdánwò, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ pé kì í rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì la sọ níbẹ̀, Yorùbá ni mo fi ń rò ó fún yín.

"Wọ́n dá ọmọkùnrin kan lábẹ́ ní ọjọ́ kẹjọ," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Ẹ̀jẹ̀ ò dá fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kú. Kí ló ṣe é?"

Gbogbo ojú ìwé pòórá lórí mi. Mo rí ìyá mi tó ń palẹ̀ yàrá mi mọ́ ní Ṣakí, mo rí bàbá mi tí wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. Mo di ojú mi. Mo gbọ́ ọ: kó, kó, kó. Mo gbéra láti ilé bàbá Ràsáàkì, mo kan ilẹ̀kùn, mo ń sọ orúkọ olúkúlùkù bí mo ṣe ń kọjá. Mo dé iwájú ilé Fadékẹ́. Òkùnkùn.

"Ìkẹjọ ni kò sí, sà," mo ní. Bí mo ṣe la ẹnu nìyẹn, n ò pa á dé mọ́. Mo sọ ìdí tó fi jẹ́ ìyá ló gbé e fún ọmọ. Mo sọ ohun tó wà lẹ́yìn ìkẹjọ tí kò ní lè jí, mo sọ ohun tí a ó fún ọmọ náà lára ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, mo sọ bí okùn ṣe ń so pọ̀.

"Kí lo ń fi ọwọ́ rẹ ṣe?" Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè.

Mo wo ọwọ́ mi lórí tábìlì. "Mo ń di ọkà, sà." Yorùbá ni èyí fi bọ́ lẹ́nu mi.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n tún sọ̀rọ̀, Yorùbá làwọn náà fi sọ ọ́. "Ìkẹfà ńkọ́?"

"Ahoro ni, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìwé bo ojú, èjìká wọn ń gbọ̀n. N ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ìbínú. Wọ́n ní kí n máa lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni n ò fi lè jẹun kánú. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri, orúkọ mi wà níbẹ̀, mo yege! Mo pariwo débi pé ẹni tí kò yege gan-an bá mi jó. Mo sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo tẹ wáyà sí bàbá mi, ọ̀rọ̀ tó wù mí jù láyé: Ẹ sọ fún Màmá pé ó dì.

Ṣé ẹ mọ̀ pé wáyà kì í ní àmì ohùn? Èmi ò rántí. Ohun tó tẹ bàbá mi lọ́wọ́ ní Ṣakí ni E SO FUN MAMA PE O DI.

Bàbá mi kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì. "Ó dí," wọ́n sọ fún ìyá mi. "Ọ̀nà ti dí. Wọ́n ti lé e." Ìyá mi bú sẹ́kún. Bàbá mi gun alùpùpù wọn, wọ́n kọrí sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí láti lọ fi ẹ̀sọ̀ sọ fún Màmá. Àwọn gan-an ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní àwọn kọ́kọ́ pa òwe mẹ́ta, àwọn ní kí Màmá fara balẹ̀, ayé kò tíì parí.

"Isaac, kí lọmọ wí?" Màmá béèrè.

"Ó ní kí n sọ fún yín pé ó dí."

"Má sọ tinú ẹ fún mi. Ka tinú ìwé."

"O. D. I. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, Màmá."

"Ṣó fi ohùn sí i?"

"Wáyà kì í ní ohùn, Màmá."

Wọ́n ní bí Màmá ṣe gbọ́ ìyẹn ni wọ́n já okùn lára ògiri, wọ́n fi na ilẹ̀ pàá, wọ́n fò sókè. "Hẹdimásítà ni ọ́, o ò mọ̀wé kà! Ó dì ni! Ẹ̀jẹ̀ dì! Àyìnkẹ́ mi ti di dókítà!" Kí bàbá mi tó béèrè ohun tó dì, Màmá ti wà lójú pópó. Wọn ò yà síbì kankan, etí igbó ni wọ́n lọ tààrà, ilé tí mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ méjìlá sí. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bàbá Ràsáàkì kan ti ìkọkànlá, ìkọkànlá kan ti ìkẹsàn-án. Fadékẹ́ gbé àtùpà jáde lọ́sàn-án gangan. Igbe ayọ̀ ń bọ̀ láti ilé dé ilé títí ó fi dé ọ̀dọ̀ bàbá mi níwájú ilé ìkíní, níbi tí wọ́n dúró sí, wáyà lọ́wọ́ wọn.

Bàbá mi jókòó sórí pèpéle. Wọ́n sunkún díẹ̀, àwọn fúnra wọn ló jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ bírò pupa tí wọ́n fi ń máàkì ìwé, wọ́n fi àmì kékeré kan sórí I tó gbẹ̀yìn, wọ́n sì fún wáyà náà ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.